Ta Ló Se Dùnmọ́mi Lọ́jọ́ Ọdún?

Eyín iwájú Alájì Jubril kán ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ òwúrọ̀ Sátidé, nínú pálọ̀ Sùlíyá ní Orílé Agége, lójú ènìyàn mẹ́tàlélógún. Àwọn tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn gan-an gbọ́ ìró rẹ̀.

Ètò mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni wọ́n bá wá síbẹ̀. Wọ́n ti ṣe àdúà, wọ́n ti dá àpárá, wọ́n ti mú ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ fún ìso yìgì Abdulhakeem, ọmọ Alájì, àti Kaothar, ọmọ kan ṣoṣo tí Sùlíyá bí. Oúnjẹ ló kù. Alájì ní kí wọ́n ní sùúrù ná, òun mú ohun kan dání tí yóò ya gbogbo ilé lẹ́nu. Ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó sì fa súìtì kan yọ.

"Dùnmọ́mi!" Gbogbo ilé pariwo. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n ti gbé jókòó láti àárọ̀ dá dìde fúnra rẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé orí wọn dàrú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Súìtì ni Dùnmọ́mi: ẹ̀pà àti àgbọn tí wọ́n fi ṣúgà jíjó dì pọ̀, tí wọ́n wá da ṣokoléètì bò. Ọdún 1993 ni kọ́ńpìnnì Adùnbárìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní òpópónà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọba Akran, n'Íkẹjà. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ọmọ mẹ́ta lè pín in jẹ kí ìjà má ṣẹlẹ̀. Láti Ògbà dé Agége, ọmọ tí kò bá rí i kò ní lọ sílé ìwé. Olùkọ́ kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pẹ́ dé, Dùnmọ́mi ni yóò fi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ṣúgà gbówó lórí. Olóyè tó ni kọ́ńpìnnì kò fẹ́ fowó lé ọjà, ara súìtì ló ń gé. Ọdọọdún ló ń gé e. Ṣùgbọ́n kò dín ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé e kù, nítorí ó ti tẹ èyí tí yóò lò fún ogún ọdún sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2014, ẹni tó bá ra Dùnmọ́mi ní láti kọ́kọ́ mi ọ̀rá náà kó tó mọ igun tí súìtì wà. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan ní 2015, àwọn òṣìṣẹ́ bá àgádágodo lẹ́nu géètì. Ó parí nìyẹn. Kò sí ìkéde, kò sí ó dàbọ̀.

Obìnrin méjìlá ló ń sè é, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wọn, Sùlíyá sì ni olórí wọn. Wọ́n ti búra pé àwọn ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń sè é fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò mọ́. Èèyàn kì í sì í mọyì nǹkan àfìgbà tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ìfẹ́ súìtì yìí wá ń pọ̀ sí i lọ́kàn àwọn ará Èkó.

Alájì gé e jẹ. Súìtì kò kán. Eyín ló kán.

Bí wọ́n ti ń wá omi tútù fún un, ó ń wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán obìnrin kan wà níbẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọwọ́ tó sè é láyé ọjọ́un nìyí." Alájì gbójú sókè, ó wo àna rẹ̀. Ó tún wo ọ̀rá.

"Ìyá Kaothar, ta nìyí?"

"Èmi ni, Alájì. Ṣùgbọ́n mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Ojú yín rè é, ẹ ò mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ọlọ́run ò sí lára ọ̀rá. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀."

Ó fi áńkáṣíìfù di eyín rẹ̀, ó jáde sí òpópónà, ó sì lọgun tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń fẹ́ taya lọ́wọ́ pa ẹ̀rọ wọn. Ó ní gbájú-ẹ̀ ni Sùlíyá. Ó ní ọmọ òun kò ní fẹ́ ọmọ gbájú-ẹ̀. Bí Sùlíyá kò bá lè fi ẹlòmíràn tó ṣe é han òun kó tó di ọjọ́ Àìkú, kò sí yìgì mọ́.

Kaothar kò sunkún. Ó kàn ń kó àwọn àwo oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn padà sí kíṣìnnì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí dun ìyá rẹ̀ ju èébú lọ. Sùlíyá mú ọ̀rá náà, ó jókòó tì í. Nígbà tó rí híjáàbù aláwọ̀ àlùkò tí òun wé nínú àwòrán, ó pàtẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wé e rí. Oṣù méjì sẹ́yìn ni, lọ́jọ́ tí ọkùnrin gíga kan wá láti "yunifásítì", tó ní òun ń kọ ìwé lórí ìtàn súìtì l'Ékòó. Dókítà ló pe ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló béèrè bí wọ́n ṣe ń se Dùnmọ́mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sùlíyá ní rárá. Ló bá ní kí ó jẹ́ kí òun ya fótò rẹ̀ lásán.

"Mo fún un ní ìrẹsì," Sùlíyá wí. "Mo fi ẹran méjì sí i!"

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ fẹjọ́ sùn. Ìnsípẹ́kítọ̀ Job, ọmọ Ìkọ̀lé Èkìtì, ló bá nídìí tábìlì. Èèyàn mẹ́fà ti fi ẹjọ́ Dókítà kan náà sùn síwájú rẹ̀, láti Allen, láti Maryland, láti GRA. Wọ́n ní ó pe ọjà náà ní páálí ìkẹyìn tó kù nínú ilé ìkẹ́rù Adùnbárìn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní súìtì náà kò dáa. Ohun tó dùn wọ́n ni pé ó ṣèlérí páálí kejì, kò sì gbé e wá.

Job fojú kan Sùlíyá, ó wo ọ̀rá, ó fa bírò yọ.

"Orúkọ?"

"Sùlíyá Àkànní."

"Iṣẹ́?"

"Mo ń ta aṣọ ọmọdé."

"Ẹ̀yin lẹ se súìtì yìí?"

"Rárá o."

"Màmá, ẹ wo ojú yín níbí. Ẹ̀rín lẹ ń rín."

"Ọ̀gá, bí wọ́n bá lẹ fótò yín mọ́ ìgò ọtí, ṣé ẹ̀yin lẹ pọn ọ́n?"

Job họ orí. Sùlíyá ní kó jẹ́ kí òun rí súìtì tí àwọn olùpẹ̀jọ́ kó wá. Job fa dúrọ́ọ̀ tábìlì. Mẹ́fà ni ìwé ẹ̀rí sọ pé ó wà níbẹ̀. Méjì àti ààbọ̀ ló kù.

"Eku," ni Job wí. Ṣokoléètì wà létí ẹnu rẹ̀.

"Eku yìí mọ ọ̀rá tú o."

"Very wicked rat, Màmá. Ẹ máa wo tiyín."

Sùlíyá yí ọ̀kan padà, ó ń ka ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Sátidé.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi ka déètì tí wọ́n ní àwọn ṣe é."

"Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ, 2013."

"Ẹ wá ọjọ́ yẹn lórí fóònù yín."

Job wá a. "Thursday ni. Public holiday. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀."

"Ẹ ṣeun. Àwa méjìlá là ń sè é, kò sí onígbàgbọ́ kan láàrin wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn a wà ní yídì. Lọ́sàn-án a wà nídìí ìrẹsì. Iná ò jó ní kíṣìnnì Adùnbárìn. Ta ló wá sè é? Àlùjọ̀nnú?"

Job gbé bírò sílẹ̀. "Ìyẹn fi hàn pé kì í ṣe ọjà àtijọ́. Kò fi hàn pé ẹ̀yin kọ́."

"Mùsùlùmí wo ló máa jí ọjà ṣe, tí á wá fi ọjọ́ ọdún sí i? Ẹni tó ṣe é ò gbààwẹ̀ rí láyé ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Job létí. Ṣùgbọ́n Sùlíyá kò tíì ṣetán. Ó bu omi yọnu, ó fi ìdí ife ṣẹ́ ìdajì súìtì náà, ó fi ègé kan sábẹ́ ahọ́n, ó di ojú. Bí àwọn tó ń sè é ṣe máa ń tọ́ ọ wò nìyẹn: wọn kì í gé e jẹ, wọn kì í sì í gbé e mì. Ó tutọ́ rẹ̀ sí ọwọ́.

"Búrẹ́dì ni."

"Búrẹ́dì kẹ̀?"

"Búrẹ́dì Agége tó ti di ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n sá a, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n fi ṣúgà jíjó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n wá fi kòkó kùn ún. Nọ́tímẹ́ẹ̀gì wà nínú ẹ̀."

Job wo ìdajì tó kù nínú dúrọ́ọ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Ṣùgbọ́n ó dùn," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Békìrì kan ṣoṣo ló ń fi nọ́tímẹ́ẹ̀gì sí búrẹ́dì ní gbogbo agbègbè náà, ti Oyinadé, obìnrin Ìkàrẹ́ kan tó wà lẹ́bàá ojú irin. Ibẹ̀ ni wọ́n wà ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Oyinadé ní lóòótọ́, ọkùnrin gíga kan máa ń wá kó gbogbo búrẹ́dì tí kò tà.

"Kí ló ní òun ń fi í ṣe?"

"Ó ní adìẹ lòun ń bọ́, ní GRA."

"Adìẹ mélòó?"

"Ẹgbẹ̀rún kan. Mo ní kó mú ẹyin wá fún mi, ó ní wọn ò tíì yé. Láti oṣù kẹta! Àánú àwọn adìẹ náà ń ṣe mí, ọ̀gá, àwọn tí wọn ò jẹ nǹkan mìíràn ju búrẹ́dì lọ."

Kò tíì pa ẹnu dé tí Dókítà fi wọlé pẹ̀lú àpò méjì lọ́wọ́. Ó rí Sùlíyá. Sùlíyá rí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kì í gbàgbé ẹ̀kọ́: kí ọkùnrin yìí tó rántí pé ó yẹ kí òun sá, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàárọ̀, Màmá!" Ìgbà tó ń dìde ni Job fò mọ́ ọn. Bàtà ẹsẹ̀ òsì ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Dókítà ti kó sínú ọkọ̀, ó ti gba ọ̀nà Ìkẹjà lọ.

Job ti ka nọ́mbà ọkọ̀ náà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́rú, wọ́n ti rí ilé rẹ̀, yàrá méjì lẹ́yìnkùlé ilé ńlá kan ní GRA. Màígádì ní Dókítà wà nílé, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Wọ́n wọlé. Wọ́n bá búrẹ́dì tí wọ́n sá sórí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn láti ògiri dé ògiri. Wọ́n bá áyọ́ọ̀nù aṣọ tó fi ń tẹ̀ ẹ́. Áyọ́ọ̀nù náà ṣì gbóná. Fèrèsé ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Kò sí Dókítà. Ìwé kan wà lórí ibùsùn tó kọ ohun tí àwọn oníbàárà sọ sí. Ọ̀kan ní àgbọn ló pọ̀ jù nínú Dùnmọ́mi. Èkejì ní kò sí àgbọn níbẹ̀ rí. Ẹ̀kẹta ní ó máa ń ta ahọ́n bí ata ilẹ̀. Níbi ìsàlẹ̀, Dókítà fi bírò pupa kọ ọ́ pé: "Kò sẹ́ni tó rántí."

Ọkàn Sùlíyá bà jẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Nílé, Kaothar ti ká aṣọ tó yẹ kó wọ̀ lọ́jọ́ yìgì, ó ti tì í sábẹ́ ibùsùn. Sùlíyá ro ó títí, ó pe Job lórí fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bọ̀bọ́ yẹn bẹ̀ mí kí n sọ bí a ṣe ń sè é. Tí mo bá sè é, á wá."

"Ẹ̀yin tí ẹ búra ńkọ́?"

"A búra pé a ò ní sọ ọ́. A ò búra pé a ò ní sè é."

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n rọ ọlọ́dẹ, ó ṣí géètì Adùnbárìn. Job ti fi í ránṣẹ́ sórí Wásáàpù káàkiri pé Dùnmọ́mi gidi yóò jáde lónìí. Sùlíyá gbé ìkòkò kaná nínú ọgbà tí koríko ti bò, pẹ̀lú Modinat, ọ̀kan nínú àwọn méjìlá. Nígbà tí ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ẹ̀pà wọ inú rẹ̀, òórùn náà jáde sí Ọba Akran, àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì tó wà lódìkejì sì ń yọjú lójú fèrèsé. Ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ọgbà ti kún. Ọlọ́pàá mẹ́rin wà láàrin èrò láìwọ aṣọ iṣẹ́. Mẹ́ta nínú wọn ti mú abọ́ wá láti ilé.

"Kò sẹ́ni tó máa tọ́ ọ wò kí a tó kírun àlàásárì," Sùlíyá kéde. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà iṣẹ́: ìkòkò á tutù, wọ́n á lọ kírun, kí wọ́n tó gé e.

Àwọn obìnrin to sídìí bútà. Obìnrin gíga kan wà níbẹ̀ nínú aṣọ ẹlẹ́hàá, ẹyinjú nìkan ló hàn. Láti ìgbà tó ti dé, ẹ̀bá ìkòkò ló dúró sí, ó ń yọjú wò ó bíi dókítà tó ń wo ọgbẹ́.

"Arábìnrin, ẹ bọ́ síbí, ó kàn yín," ni Modinat wí, ó na bútà sí i.

Gbogbo ojú yí síbẹ̀. Obìnrin náà gba bútà. Ó lóṣòó. Ó gbé aṣọ sókè, ó sì fi ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà gùn, irun bò ó. Ó fọ ẹsẹ̀ tán, ó bọ́ sí orí, ó wá fi ọwọ́ kẹ́yìn. Ọwọ́ ni gbogbo obìnrin tó wà lórí ìlà ti fi bẹ̀rẹ̀.

"Arábìnrin," Sùlíyá wí, "ta ló kọ́ yín ní àlùwàlá?"

Ohùn tín-ín-rín kan jáde. "Ọkọ mi ni, mà."

"Kí la máa ń sọ ká tó bẹ̀rẹ̀?"

Ó ronú. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀. "Halelúyà."

Ó ju bútà nù, ó ki eré mọ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá mẹ́ta ń wá ibi tí wọ́n máa gbé abọ́ sí. Dókítà fò kọjá lórí igi ìdáná, ó gba àárín èrò, ó dé géètì, ìkọ́ géètì sì gbá aṣọ rẹ̀ mú. Ó fà á, ó ya, ó jáde sí títì pẹ̀lú ìdajì aṣọ ẹlẹ́hàá lọ́rùn. Tírélà ìyẹ̀fun kan ń fẹ̀yìn rìn wọ ọgbà tó wà níwájú, ó dí gbogbo ọ̀nà. Ó yà sọ́tùn-ún, gọ́tà ni. Job bá a níbẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ṣubú sínú gọ́tà, Job sì ni ó wà lókè.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Sùlíyá ní òun ò ní kó ìwé kankan lọ fún àna òun, kí wọ́n pe Alájì kó wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Alájì wá. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀.

"Orúkọ?" Job bi í.

"Dókítà—"

"Èyí tí ìyá ẹ sọ ẹ́!"

"Olúwarótìmí, sà."

"Dókítà kí ni?"

"Mo ta oògùn eku rí, sà."

"Kí ló dé tó o fi 8/8 sí i?"

"Mẹ́jọ méjì, sà. Nọ́mbà tó lẹ́wà ni. Mi ò mọ̀ pé ọdún ni."

"Ìgbà wo lo jẹ Dùnmọ́mi kẹ́yìn?"

Olúwarótìmí wolẹ̀. "Mi ò jẹ ẹ́ rí. Àkúrẹ́ ni mo dàgbà sí, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí àwọn èèyàn bá sọ ni mò ń ṣe. Torí ẹ̀ ni mo fi wá lánàá, sà. Mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń tà."

Sùlíyá tẹ̀ síwájú. "Kí ló dé tó o fi fi ojú mi síbẹ̀? Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, Màmá. Ojú yín jọ ojú ẹni tí kò lè purọ́."

Inú bí Sùlíyá. Orúkọ rere tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ ni ọmọkùnrin yìí fi ta búrẹ́dì kíkan. Olúwarótìmí fọwọ́ síwèé pé òun nìkan ló ṣe é, wọ́n sì gba owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn mẹ́fà tó fẹjọ́ sùn. Alájì dìde, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá Kaothar, ẹ forí jì mí. Mo ṣìwí."

"Mo gbọ́, Alájì. Ṣùgbọ́n inú àgọ́ ọlọ́pàá kọ́ lẹ ti bú mi."

Ọ̀rọ̀ náà yé e. Ní àárọ̀ Sátidé, Alájì Jubril dúró sí àárín òpópónà ní Orílé Agége, ó sì ké e síta pé Sùlíyá kọ́ ló ṣe é, pé olóòótọ́ ni, pé òun ni òun yára sọ̀rọ̀. Nítorí eyín tí kò sí, atẹ́gùn ń gbé ìdajì ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn tó ń fẹ́ taya ní àwọn ò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ. Ìyá aláta tó wà ní igun ní kí ó yíjú sí apá ọ̀dọ̀ òun. Ó yíjú, ó tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló sọ ọ́ kó tó délé Sùlíyá. Sùlíyá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ ọ, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kaothar fa aṣọ rẹ̀ yọ lábẹ́ ibùsùn, ó ń wá áyọ́ọ̀nù kiri.

Wọ́n so yìgì ní ọjọ́ Àìkú ní mọ́sáláṣí àdúgbò, kò gba wákàtí kan. Lẹ́yìn àdúà, Sùlíyá gbé abọ́ Dùnmọ́mi jáde, èyí tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ bíi ti ọdún 1993. Àwọn mẹ́fà tí Olúwarótìmí lù ní jìbìtì náà wá. Ọ̀gá báńkì kan láti Allen gé e jẹ. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó gbójú sókè, ó tún jẹ ẹ́.

"Ó dùn o, Màmá. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni Dùnmọ́mi."

"Òótọ́ ni," ìyàwó kan láti GRA dáhùn. "Èyí ti rọ̀ jù. Ti Dókítà yẹn gan-an ló jọ ti àtijọ́."

Àwọn yòókù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Job sún mọ́ Sùlíyá, ojú ń tì í nítorí wọn.

"Màmá, ṣé kò dùn yín?"

Sùlíyá wo Kaothar tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó wo Alájì Jubril tó ń pè é ní "àna mi àtàtà" létí gbogbo èèyàn. Ó gba ègé tí ọ̀gá báńkì kò jẹ tán, ó fi í sẹ́nu ara rẹ̀.

"Mo ti gba orúkọ mi padà," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ búrẹ́dì, kó jẹ búrẹ́dì."